Ìgbà Wo Ni Ìdènà Kì Í Tú Ìgbì Ká?

Ìbéèrè tó wọlé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń ṣe ìwádìí oyè kejì lórí bí a ṣe lè fi ìgbì ìró mọ bí ohun tó pamọ́ ṣe rí. Mo kà á pé fíríkúẹ́ǹsì kan wà tí ìgbì lè gba ara ìdènà kọjá kó má tú ká rárá, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán tí kọ̀ǹpútà bá yà fún wa? Ṣé nǹkan ò lè wà níbẹ̀ kó sì pamọ́ fún wa pátápátá? Olùkọ́ mi ní kí n má da ara mi láàmú, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.”

Kú iṣẹ́ o, àbúrò. Ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù yìí, ó ti gba àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí lọ́pọ̀ ọdún, nítorí náà má rò pé ìbéèrè kékeré lo béèrè. Ìbéèrè méjì ló so kọ́ra nínú lẹ́tà rẹ. Èkíní ni pé ṣé ìgbì kan lè wà tí yóò kan ìdènà kan tí kò sì ní tú ká. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè wà, màá sì fi ọ̀kan hàn ọ́ tí o lè fi ọwọ́ ara rẹ ṣírò. Èkejì ni pé ṣé ìdènà kan lè wà tí kò ní tú ìgbì kankan ká, láti ibi yòówù tí ìgbì bá gbà wá. Ìyẹn ni ó máa ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ tó bá jẹ́ òótọ́, kò sì jẹ́ òótọ́ fún irú ìdènà tí ìwọ ń wá. Púpọ̀ nínú ìbẹ̀rù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti inú gbígbé èkíní sípò èkejì.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí à ń sọ. A rán ìgbì kan lọ, ó kan ìdènà, ìgbì mìíràn sì jáde láti ara ìdènà náà lọ sí gbogbo ìhà. Ìgbì kejì yìí là ń pè ní ìgbì tó tú ká. Ohun tí maikirofóònù bá gbọ́ nínú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni far field. Inverse problem tìrẹ ni pé kí o fi ohun tí maikirofóònù gbọ́ wá bí ìdènà ṣe rí. Wàyí o, ká ní far field dákẹ́ ní gbogbo ìhà, ṣé kì í ṣe pé ìgbì tó tú ká wà nítòsí ìdènà, tó kàn rọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni? Rárá. Onímọ̀ ìṣirò kan, Rellich, ti dáhùn èyí ní 1943: tí far field bá jẹ́ òdo ní gbogbo ìhà, ìgbì tó tú ká jẹ́ òdo níta ìdènà pátá, títí dé ara rẹ̀ gan-an. Fi èyí sọ́kàn, torí òun ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù dúró. Ìdákẹ́jẹ́ tí à ń sọ kì í ṣe àìlágbára maikirofóònù. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìgbì tí a rán lọ wà níta bó ṣe máa wà ká ní kò sí ìdènà rárá.

Mú bọ́ọ̀lù kan tó jẹ́ ẹyọ 1 láti àárín dé ara rẹ̀. Jẹ́ kí refractive index, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ohun kan ṣe ń dín eré ìgbì kù tó, tí a ń kọ pẹ̀lú lẹ́tà n sínú ìdọ́gba Helmholtz (ìdọ́gba tí ìgbì ń tẹ̀ lé ní fíríkúẹ́ǹsì kan), jẹ́ 4 nínú bọ́ọ̀lù àti 1 níta, ìyẹn ni pé ìdajì eré tí ìgbì ń sá níta ló ń sá nínú. Jẹ́ kí nọ́ńbà ìgbì, k, tó ń ga bí fíríkúẹ́ǹsì bá ṣe ń ga, jẹ́ π. Níbi k yìí, gígùn ìgbì kan níta jẹ́ ẹyọ 2, èyí tó bá ìbú bọ́ọ̀lù mu láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀lù ó sún kì sí ẹyọ 1. Ìgbì tí a rán lọ ni sin(πr)/r, níbi tí r ti jẹ́ bí a ṣe jìnnà sí àárín tó. Nínú bọ́ọ̀lù, mú −½ sin(2πr)/r. Yẹ̀ wọ́n wò lára bọ́ọ̀lù, níbi tí r ti jẹ́ 1. Òdo ni àwọn méjèèjì níbẹ̀. Ó ku ìwọ̀n ìyípadà wọn: ti òde jẹ́ π × cos π, ìyẹn −π, ti inú jẹ́ −½ × 2π × cos 2π, òun náà −π. Wọ́n bá ara wọn mu nínú iye, wọ́n bá ara wọn mu nínú ìyípadà, bí tẹ́lọ̀ tó mọṣẹ́ ṣe ń so aṣọ méjì pọ̀ tí ojú rírán kì í hàn. Nígbà tí méjèèjì ti bára mu báyìí, kò sí ohun tó kù fún ìgbì tó tú ká láti ṣe. Òdo ni. Bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, ó ń yí ìgbì padà nínú ara rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó wà níta tó lè mọ̀.

Ṣùgbọ́n wo irú ìgbì tí a lò. sin(πr)/r kì í ṣe ìgbì tó ti ìhà kan wá. Àpapọ̀ plane wave ni (plane wave ni ìgbì tó ń ti ìhà kan ṣoṣo wá, tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ), láti gbogbo ìhà láyé yìí, tí agbára wọn dọ́gba, tí gbogbo wọn sì pàdé ní àárín bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan náà. Nísinsìnyí rán plane wave kan ṣoṣo sí bọ́ọ̀lù kan náà, ní k kan náà. Plane wave ní ẹ̀ka tí kò lópin nínú, tí a pín gẹ́gẹ́ bí ìgbì ṣe ń yí padà yí ká àárín bọ́ọ̀lù: ẹ̀ka òdo, ẹ̀ka kìíní, ẹ̀ka kejì, ó ń lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ rí ojúlówó ìbámu lára bọ́ọ̀lù kó tó lè kọjá láìtú ká. Ẹ̀ka òdo ni a ṣírò tán yẹn. Ẹ̀ka kìíní náà kọjá ní k = π, èyí tó ya èmi lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀ka kejì ni ó kọ̀. Tí o bá mú kí iye wọn dọ́gba lára bọ́ọ̀lù, ìwọ̀n ìyípadà ti òde yóò fún ọ ní 1 − 9/π², ti inú yóò fún ọ ní 4 − 9/π². Wọn ò lè dọ́gba láéláé. Nítorí náà plane wave tú ká, maikirofóònù yóò sì gbọ́ ọ. Jọ̀wọ́ jókòó kí o fi ọwọ́ ṣírò èyí, má gbà á lẹ́nu mi lásán. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti máa yé ọ pé “kò tú ká” kì í ṣe ìwà ìdènà nìkan. Àdéhùn ni láàárín ìdènà kan, ìgbì kan àti fíríkúẹ́ǹsì kan.

Àwọn k tí irú ìbámu bẹ́ẹ̀ ti lè wáyé ni o ti kà nípa wọn pẹ̀lú orúkọ transmission eigenvalue. Kirsch ní 1986, àti Colton pẹ̀lú Monk ní 1988, ni wọ́n gbé wọn jáde, kì í sì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ràn wọn. Wọ́n rí wọn bí ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ nínú ẹ̀rí wọn, ìbéèrè àkọ́kọ́ sì ni bóyá wọ́n pọ̀ jù. Wọn ò pọ̀ jù: níbi tí n bá ti yàtọ̀ sí 1 dáadáa títí dé ààlà ìdènà, tí kò sì kọjá láti òkè 1 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n wà lórí ìlà nọ́ńbà, àlàfo sì wà láàárín wọn. Bóyá wọ́n tiẹ̀ wà rárá fún ìdènà tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù gba àkókò díẹ̀ sí i. Päivärinta àti Sylvester fi hàn ní 2008 pé wọ́n wà tí n bá tóbi tó, Cakoni, Gintides àti Haddar sì fi hàn ní 2010 pé wọn ò lópin lóǹkà.

Ibí yìí ni àṣìlóye tó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wà, mo sì fura pé òun ló dé bá ìwọ náà. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé transmission eigenvalue àti fíríkúẹ́ǹsì tí ìdènà kì í tú ìgbì ká jẹ́ ohun kan náà. Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ohun tí transmission eigenvalue ń béèrè kéré: kí fọ́ńṣọ̀n méjì wà NÍNÚ ìdènà, kí ọ̀kan tẹ̀ lé òfin ti òde, kí èkejì tẹ̀ lé òfin ti inú, kí wọ́n sì bára mu ní ààlà. Kò béèrè pé kí èyí tó tẹ̀ lé òfin ti òde lè jáde kúrò nínú ìdènà kó sì máa bá a lọ gẹ́gẹ́ bí ìgbì gidi tí ẹnìkan lè rán wá. Nínú àpẹẹrẹ bọ́ọ̀lù, sin(πr)/r jáde láìsí wàhálà, torí náà a rí ìdákẹ́jẹ́. Nínú ìdènà mìíràn, fọ́ńṣọ̀n náà lè wà nínú kó sì bàjẹ́ gẹ́rẹ́ tó bá dé ààlà. Eigenvalue wà nígbà náà, ìdákẹ́jẹ́ kò sí.

Ta ló wá ń bàjẹ́ ní ààlà? Igun ni. Ní 2014, Blåsten, Päivärinta àti Sylvester fi ẹ̀rí hàn pé ìdènà tí ìgbì ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó bá ní igun tó dọ́gba bí igun yàrá, tí n sì fò láti iye kan sí òmíràn níbi igun yẹn, kò sí k kankan tí kò ní tú ìgbì ká, ìgbì yòówù tí a bá rán sí i. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ lójú pátákó. Ká ní ìgbì tó tú ká jẹ́ òdo níta. Nígbà náà, nínú ìdènà, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní ààlà, pẹ̀lú ìwọ̀n ìyípadà tó jẹ́ òdo, lójú ògiri méjèèjì tó pàdé sí igun. Ohun tó sì ń lé e kiri nínú ni (1 − n) tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ìgbì tí a rán lọ. A wá mú fọ́ńṣọ̀n kan tó tóbi ní orí igun, tó sì ń kú kíákíá bí a ṣe ń wọnú lọ, a sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gbogbo ìdọ́gba náà, a kó o jọ pẹ̀lú integral. Gbogbo ohun tó ti ògiri wá di òdo, nítorí a ní òdo ni wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni bí ìgbì tí a rán lọ ṣe rí ní orí igun gan-an. Tí a bá sún mọ́ igun tó, ìgbì yẹn kò yàtọ̀ sí polynomial kan tó ń tẹ̀ lé òfin Laplace, integral rẹ̀ lórí igun sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, ìhàkíhà tí a bá kọjú fọ́ńṣọ̀n wa sí. Igun kéré jù láti jẹ́ kí ohun tó wà nínú integral pa ara rẹ̀ rẹ́ bẹ́ẹ̀. Polynomial náà yóò ní láti di òdo fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí ìgbì tí a rán rárá. Láti ìgbà yẹn, a ti fẹ ẹ̀rí náà lójú ju igun tó dọ́gba lọ. Päivärinta, Salo àti Vesalainen mú un dé gbogbo igun tó yọ síta ní orí ìwé pẹlẹbẹ. Èmi fẹ́ràn ẹ̀rí yìí gan-an, torí ibi kékeré kan lára ìdènà ló fi ń dá ẹjọ́ gbogbo rẹ̀.

Bí ààlà bá wá ń rọra tẹ̀ láìsí igun ńkọ́? Cakoni àti Vogelius lọ́nà kan, Salo àti Shahgholian lọ́nà mìíràn, fi hàn pé tí ìdènà kò bá tú ìgbì kan ká, tí ìgbì yẹn kò sì jẹ́ òdo lára ààlà, ààlà náà ní láti dán, àyàfi níbi àwọn ojú àrà kan tí ààlà ti ṣe ṣóńṣó tínrín wọnú ìdènà. Àwọn ìdènà dídán tó yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù lè rí ìgbì tí wọn ò tú ká, tí a bá ṣètò n wọn dáadáa. Ìṣètò yẹn ni kó o kíyè sí. Ẹ̀dá kì í sábà ṣe é fúnra rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ọ lórí ohun kan, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Gbogbo ọ̀rọ̀ igun tí mo sọ yìí jẹ́ ti ìdènà tí ìgbì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Tó bá jẹ́ ìdènà tí ìgbì kì í wọ̀, tí àpapọ̀ ìgbì gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo lára rẹ̀, igun kò gbà ọ́ là. Mú onígun mẹ́rin dọ́gba tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn tó π, kí o sì rán sin x × sin y sí i. Ìgbì gidi ni, plane wave mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀, k² rẹ̀ jẹ́ 2. Lójú ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ó ti jẹ́ òdo tẹ́lẹ̀ kí ìdènà tó débẹ̀, nítorí náà ìdènà kò ní nǹkan kan láti tún ṣe. Igun mẹ́rin ló ní, ó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n tí o bá rán plane wave kan ṣoṣo sí i, kò lè dákẹ́ láéláé, torí títóbi plane wave jẹ́ 1 níbi gbogbo, kò sì lè jẹ́ òdo lójú ògiri kankan. Bóyá plane wave kan ṣoṣo yẹn tó láti sọ bí irú ìdènà bẹ́ẹ̀ ṣe rí, fún ìrísí yòówù kó ní, ìbéèrè tó ṣì ṣí sílẹ̀ ni. Fún àwọn onígun, Alessandrini àti Rondi ti yanjú rẹ̀ ní 2005.

Ó kan ohun tí ìwọ fẹ́ yà ní àwòrán. O kò sọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹran ara, igi tútù tàbí ilẹ̀ tó rin, irú ohun bẹ́ẹ̀ máa ń gbé díẹ̀ mì nínú agbára ìgbì tó bá gbà á kọjá. Níbi tí èyí bá ti ń ṣẹlẹ̀, kò sí transmission eigenvalue gidi kankan mọ́. Ìdí rẹ̀ kò le: tí ìgbì bá wà níta bí ẹni pé kò sí ìdènà, gbogbo agbára tó wọlé ló jáde, ìdènà kò sì lè ti jẹ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun tó bá jẹ agbára gbọ́dọ̀ fi àmì sílẹ̀ níta. Má sì da èyí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ àìrí tí Pendry, Schurig àti Smith gbé jáde ní 2006. Nínú ìyẹn, a dìídì ṣe ohun èlò tí eré ìgbì nínú rẹ̀ yàtọ̀ láti ìhà dé ìhà, kó lè darí ìgbì yí ohun kan ká. Ìdènà lásán tí eré ìgbì nínú rẹ̀ dọ́gba ní gbogbo ìhà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Láti iṣẹ́ Sylvester àti Uhlmann ní 1987 àti ti Nachman ní 1988 ni a ti mọ̀ pé, nínú ayé oníhà mẹ́ta, tí a bá rán ìgbì láti gbogbo ìhà tí a sì gbọ́ ọ ní gbogbo ìhà, fíríkúẹ́ǹsì kan ṣoṣo tó láti sọ n ibi gbogbo. Èyí ni ìdáhùn sí “ṣé kò lè pamọ́ pátápátá”. Kò lè pamọ́.

Àmọ́ olùkọ́ rẹ àti èmi yóò jọ gbà pé tíọ́rẹ̀mù ń sọ̀rọ̀ nípa ìdákẹ́jẹ́ pípé, ariwo inú maikirofóònù kò sì mọ pípé. Igun tó mú yóò tú ìgbì ká, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tó tú ká lè kéré ju ariwo lọ, pàápàá tí igun náà bá kéré sí gígùn ìgbì. Ọ̀nà linear sampling, tó ń fi far field yẹ ojú ibi kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó wà nínú ìdènà, tí Colton àti Kirsch gbé jáde ní 1996, tí mo fura pé òun lò ń lò, kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn níbi transmission eigenvalue, àwòrán rẹ̀ sì máa ń dàrú nítòsí ibẹ̀. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tú kóòdù rẹ̀ palẹ̀ nítorí èyí, nígbà tí kóòdù náà kò ṣe nǹkan kan. Má ṣiṣẹ́ ní fíríkúẹ́ǹsì kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ rẹ bá lè ṣe púpọ̀. Ó ń gba àkókò, data rẹ̀ sì ń wúwo lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n eigenvalue wà ní ẹyọ ẹyọ, wọn ò lè bá ọ dé gbogbo ibi tí o bá sún sí. Bí o bá sì ti mọ ìrísí ìdènà, àwọn ibi tí ọ̀nà náà ti dàrú yẹn wúlò fúnra wọn. Láti 2010 ni Cakoni, Colton àti Haddar ti fi hàn pé a lè ka transmission eigenvalue jáde láti inú far field. Níbi tí n bá sì ti ju 1 lọ, bí n ṣe ń tóbi ni eigenvalue àkọ́kọ́ ń sọ̀kalẹ̀, a sì lè fi í díwọ̀n n láìgé ohun náà sí wẹ́wẹ́.

Kí o tó tún fọwọ́ kan data gidi, kọ bọ́ọ̀lù tí a ṣírò lókè yẹn sínú kóòdù rẹ, pẹ̀lú n = 4 àti k = π. Ẹ̀ka òdo àti ẹ̀ka kìíní far field gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, títí dé ibi tí kọ̀ǹpútà lè ṣírò dé. Ẹ̀ka kejì kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Lẹ́yìn náà sún k díẹ̀ kúrò ní π, kí o wo bí méjèèjì ṣe ń jí. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, fi kúùbù tí n rẹ̀ jẹ́ 4 rọ́pò bọ́ọ̀lù, kí o máa sún k láti 2 sí 5 ní ìṣísẹ̀ kéékèèké, kí o sì wá ìgbì tó lè mú far field rẹ̀ di òdo. Yóò kéré láwọn ibì kan, kò ní di òdo níbì kankan. Gbé àwòrán méjèèjì lọ bá olùkọ́ rẹ, kí ẹ jọ pinnu fíríkúẹ́ǹsì tí ẹ máa fi wọn ohun tiyín.